Ọmọrí ihò gìtá: bí mo ṣe pa híhu lára gìtá ìjọ kan n'Ìbàdàn

Gìtá tó wà lórí tábìlì iṣẹ́ mi yìí, gìtá onípákó ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní dreadnought, tí àyà rẹ̀ gbòòrò tí ikùn rẹ̀ sì jìn. Pákó spruce ni ojú rẹ̀, mahogany ni ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́. Ìjọ kan n'Ìbàdàn níbí ló ni ín. Píkọ́ọ̀pù tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lábẹ́ eegun funfun tí àwọn okùn gùn lé lórí bíríìjì, ibẹ̀ ni ohùn ti ń wọ wáyà lọ sí míkísà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ta á nínú ẹgbẹ́ akọrin ló gbé e wá, ẹjọ́ tó rò kò sì gùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo píkọ́ọ̀pù yìí. Tá a bá ti gbé e sókè díẹ̀ báyìí, á ní hùùù, gbogbo ìjọ á yíjú sí mi. Wọ́n ti ní kí n kúkú lọ máa tẹ kíbọ́ọ̀dù."

Mo yẹ píkọ́ọ̀pù náà wò. Kò sí ohun tó ṣe é. Wáyà rẹ̀ dúró ire, bátìrì rẹ̀ ṣì lágbára, okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló sì ń dún bákan náà nínú ẹ̀rọ. Mo wá bi í léèrè ohun kan péré: híhu yẹn, ṣé ó máa ń súfèé tínrín ni, àbí ó máa ń dún nípọn láti ìsàlẹ̀? Ó ní nípọn ni, pé òun máa ń mọ̀ ọ́n lára nígbà tí gìtá bá fara kan òun láyà. Ìdáhùn yẹn ló tọ́ka iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ fún mi. Híhu tó bá ń súfèé tínrín, ọ̀dọ̀ máìkì tàbí ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó ti míkísà ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ wò. Èyí tó bá nípọn tó sì ń ti ikùn gìtá wá, ihò àárín gìtá ni kí wọ́n bi.

Nítorí náà, àkọsílẹ̀ yìí kì í ṣe ti àtúnṣe píkọ́ọ̀pù. Ti ọmọrí ni, ìyẹn rọ́bà tàbí pákó roboto tí wọ́n fi ń dé ihò gìtá nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ta á lórí ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ ló ti rí i lára gìtá àwọn olórin tí wọ́n sì gbà pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni, tàbí pé eruku ni wọ́n fi ń dá dúró. Iṣẹ́ gidi ló ń ṣe, ẹni tó bá sì mọ iṣẹ́ náà lè fọwọ́ ara rẹ̀ gé e, kí ó sì gé e bó ṣe bá gìtá tirẹ̀ mu.

Ibi tí híhu ti ń wá

Okùn gbọ̀n, píkọ́ọ̀pù gbé e, míkísà fi kún un, sípíkà tú u síta. Nínú ìjọ yìí, sípíkà mónítọ̀ kan wà nílẹ̀ níwájú onígìtá, ó sì dojú kọ gìtá náà gan-an. Ohùn tó bá jáde níbẹ̀ á padà wá gbá ojú gìtá, á sì tún mi afẹ́fẹ́ tó wà nínú ikùn rẹ̀. Ojú gìtá tó ń gbọ̀n yẹn ni píkọ́ọ̀pù tún máa gbé lọ fún míkísà. Bí ohun tó ń padà bọ̀ bá ti lágbára tó ohun tó kọ́kọ́ jáde, kò sí ohun tó máa dá a dúró mọ́. Á máa yí po, á máa ga sí i, títí ẹnì kan á fi sáré fà á wálẹ̀. Èyí ni àwọn onísáùǹdì ń pè ní fíìdíbáàkì.

Kì í ṣe gbogbo ohùn ló ń yí po bẹ́ẹ̀. Èyí tí gìtá fúnra rẹ̀ fẹ́ràn jù ló ń kọ́kọ́ gbéra, gìtá onípákó sì ní méjì tó fẹ́ràn jù ní apá ìsàlẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni ti afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Ẹni tó bá ti fẹnu fẹ́ atẹ́gùn kọjá lórí ẹnu akèrègbè òfìfo rí ti gbọ́ irú ohùn yìí. Afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́nu ihò ń jáde, ó ń wọlé. Èyí tó há sínú ń tì í síta, ó tún ń fà á padà. Ìwọ̀n kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń bá lọ. Hermann von Helmholtz, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Jámánì tó wà láyé láti 1821 sí 1894, ṣe àlàyé rẹ̀ débi pé orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é títí dòní. Nínú gìtá tó tóbi tó èyí, ohùn afẹ́fẹ́ náà máa ń wà ní nǹkan bíi 95 sí 105 Hz, ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ ẹnu ihò ń wọlé ó ń jáde ní bí ìgbà ọgọ́rùn-ún láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ wá wo okùn tó nípọn jù: bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ní fúrẹ́ẹ̀tì kẹta (fúrẹ́ẹ̀tì ni àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá), ohùn G tó máa fún yín jẹ́ 98 Hz. Ìdí nìyẹn tí G yẹn fi máa ń bú jáde ju àwọn tó yí i ká lọ, kódà níbi tí kò ti sí ẹ̀rọ kankan.

Ìkejì ni ti pákó ojú gìtá fúnra rẹ̀, tó máa ń wà láàárín nǹkan bíi 180 sí 210 Hz. Ọmọrí ihò kò lè pa ìyẹn. Ẹ fi í sọ́kàn, torí a máa pàdé rẹ̀ nígbà tá a bá gbé gìtá dé ìjọ.

Wíwá ohùn ikùn gìtá náà

Kí n tó gé ohunkóhun, mo fẹ́ mọ ibi tí gìtá yìí gan-an ń hu sí. Mo ki aṣọ pẹlẹbẹ kan sáàárín àwọn okùn kí wọ́n má baà máa dún, mo gbé ẹnu sún mọ́ ihò, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí kùn láti ìsàlẹ̀ ohùn mi, mo ń gun òkè díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ mi kejì wà lẹ́yìn gìtá. Níbì kan báyìí, láìjẹ́ pé mo fi kún agbára ohùn mi, ẹ̀yìn gìtá dìde sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó ń gbọ̀n rìrìrì. Mo gùn kọjá ibẹ̀ díẹ̀, ó dákẹ́. Mo padà wálẹ̀, ó tún dìde. Áàpù tó ń wọn ohùn lórí fóònù mi fi nǹkan bíi 101 Hz hàn, ìyẹn láàárín G àti G#.

Ọ̀nà kejì ni pé kí ẹ fi ìka gbá bíríìjì fẹ́ẹ́rẹ́, kí okùn ṣì wà nínú aṣọ, kí ẹ sì jẹ́ kí áàpù tó ń ya àwòrán ohùn fi ibi tí òkè gíga wà hàn yín. Òkè méjì ló yọ. Ọ̀kan wà ní ibi tí mo ti kùn dé yẹn, ìkejì wà ní nǹkan bíi 195 Hz.

Lẹ́yìn náà ni mo yọ aṣọ kúrò, mo sì ta G fúrẹ́ẹ̀tì kẹta. Ó bú jáde lóòótọ́, àmọ́ ó tètè kú ju F tó wà lábẹ́ rẹ̀ àti A tó wà lókè rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí: ohùn tó bá ṣe déédéé pẹ̀lú afẹ́fẹ́ inú gìtá, kíá ni okùn máa ń ná gbogbo agbára rẹ̀ tán.

Ìgbà náà ni mo gé páálí kan, mo fi dé ihò, mo sì tún kùn. Ẹ̀yìn gìtá ò dá mi lóhùn mọ́. Ìdánwò páálí yìí, ẹnikẹ́ni lè ṣe é nílé kí ó tó náwó sí ohunkóhun. Bí híhu gìtá yín bá dínkù nígbà tí páálí wà lójú ihò, ọmọrí máa ṣe yín lóore. Bí kò bá yí padà rárá, ibòmíràn ni kí ẹ wá a sí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn wà níbẹ̀. Mo ní kó ta gìtá pẹ̀lú páálí lójú ihò.

"Ẹ̀gbọ́n, ohùn ṣì ń jáde o!"

"Kí ló fẹ́ dá a dúró? Ojú gìtá ló ń sọ̀rọ̀. Ihò kàn ń bá a gbe ìsàlẹ̀ ni."

Mo kọ èyí sílẹ̀ torí pé àwọn tó gbà pé inú àpótí ni wọ́n ti ń ṣe ohùn, tí ihò sì jẹ́ ilẹ̀kùn tó ń gbà jáde, pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohùn àárín àti ti òkè, pákó ojú gìtá ló ń fọ́n wọn síta tààrà. Afẹ́fẹ́ ihò ń ṣiṣẹ́ ní ìsàlẹ̀, pàápàá ní agbègbè ìwọ̀n rẹ̀. Bí ẹ bá dí i, gìtá ò ní ya odi. Ohun tó máa pàdánù ni ara: ìsàlẹ̀ rẹ̀ máa fẹ́lẹ́, ìbú ohùn rẹ̀ máa dínkù. Ẹni tó ń ta gìtá nínú pálọ̀ rẹ̀ láìsí ẹ̀rọ kò ní ohun tó fẹ́ fi ọmọrí ṣe. Lórí ẹ̀rọ nìkan ló ti wúlò, torí ìsàlẹ̀ tí a pàdánù níbẹ̀, ọwọ́ kan péré lórí míkísà ló máa dá a padà, híhu kò sì ní tẹ̀ lé e wá.

Kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń dí ihò

Àwọn gìtá àtijọ́ ní Yúróòpù, ní nǹkan bíi 1600 sí 1700, máa ń ní ọ̀ṣọ́ lójú ihò wọn: awọ ẹran tí wọ́n gé ní ọnà wínníwínní tí wọ́n sì tò léra wọn wọ inú ihò lọ. Ẹwà ni wọ́n ń wá, àmọ́ ó ń dín ọ̀nà afẹ́fẹ́ kù bákan náà.

Ẹ̀rọ ló sọ ọ́ di ọ̀ràn dandan. Lọ́dọ̀ tiwa, Àyìndé Bákàrè ni wọ́n mọ̀ sí ẹni tó kọ́kọ́ so gìtá mọ́ ẹ̀rọ nínú orin jùjú, ní 1949, láti ìgbà náà sì ni gìtá ti ń bá dùndún du ipò nínú agbo. Gbogbo onígìtá tó bá gbé àpótí oníhò síwájú sípíkà ni híhu ń dúró dè. B.B. King, ọ̀gá nínú orin blues ní Amẹ́ríkà, máa ń ki aṣọ sínú ihò gìtá rẹ̀ nítorí èyí. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Gibson ṣe gìtá tó ń jẹ́ Lucille ní orúkọ rẹ̀ ní 1980, wọ́n yọ ihò kúrò lójú rẹ̀ pátápátá. Ọ̀nà tirẹ̀ yẹn dára fún gìtá tí píkọ́ọ̀pù onímágínẹ́ẹ̀tì ń gbé ohùn rẹ̀. Ti onípákó tí a ń sọ yìí, mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni ki aṣọ sí i nínú. Aṣọ á fara kan pákó, á pa ohùn tí ẹ fẹ́ pẹ̀lú èyí tí ẹ ò fẹ́.

Ohun tí mo fi ṣe é

Èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà jẹ́ rọ́bà roboto tó ní ojú ọ̀nà yíká etí rẹ̀, etí ihò gìtá á wọ inú ojú ọ̀nà yẹn, á sì dì í mú. Ó dára. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣe é fún ihò tó fẹ̀ tó nǹkan bíi 100 mìlímítà. Mo wọn ti gìtá yìí lọ́nà mẹ́ta, ó jẹ́ 101 mìlímítà, pákó ojú rẹ̀ sì nípọn tó 3 mìlímítà. Ó lè bá a mu, ó lè máà bá a mu. Èyí tí mo gé fúnra mi á bá a mu.

Pákó ni mo kọ́kọ́ rò. Ó máa lẹ́wà, àmọ́ kò ṣeé tẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ fi sí i tàbí yọ ọ́ máa ní láti tú okùn sílẹ̀ ná. Láàárín ìsìn, ta ló fẹ́ máa tú okùn? Mo fi pákó sílẹ̀.

Fóòmù ibùsùn kò wúlò rárá. Bí ẹ bá fẹnu fẹ́ ẹ, atẹ́gùn á gba inú rẹ̀ já sí ìkejì. Ohun tí atẹ́gùn bá lè gbà kọjá kò lè dí ihò gìtá. Fóòmù àtẹ̀lẹ̀ bàtà, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe sílípáàsì, kì í jẹ́ kí atẹ́gùn kọjá. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan iṣẹ́ fún àwọn oníbàtà ni mo ti rà á, pẹ̀lú rọ́bà dúdú tó wúwo tí wọ́n fi ń ṣe ìsàlẹ̀ bàtà. Mo ra méjèèjì nítorí pé fóòmù nìkan fúyẹ́ jù. Mo gé fóòmù kan ṣoṣo wò, mo fi dé ihò, mo sì kùn sí i láti òkè: fóòmù náà fúnra rẹ̀ ń gbọ̀n, mo ń mọ̀ ọ́n lórí ìka mi. Afẹ́fẹ́ inú ń tì í bí awọ ìlù. Ó ní láti ní ìwúwo díẹ̀ láàárín.

Gígé àti lílẹ̀

Ìpele mẹ́ta ni. Ti òkè jẹ́ fóòmù tó nípọn tó 5 mìlímítà, mo gé e ní 111 mìlímítà kí etí rẹ̀ lè jókòó lórí òrùka ọ̀ṣọ́ tó yí ihò ká. Ti àárín jẹ́ rọ́bà oníwúwo yẹn, 3 mìlímítà ní nínípọn, gẹ́gẹ́ bí pákó ojú gìtá ṣe nípọn, mo sì gé e ní 100 mìlímítà kí ó lè wọ ihò láìfún. Ti ìsàlẹ̀ jẹ́ fóòmù rírọ̀, 8 mìlímítà ní nínípọn, mo gé e ní 105 mìlímítà. Nígbà tí a bá tì í wọlé, ti ìsàlẹ̀ yìí á fún ara rẹ̀ pọ̀ gba ẹnu ihò kọjá, á sì là padà lábẹ́ pákó. Òun ló ń di ọmọrí mú.

Mo fi kọ́ńpáàsì fa ìlà, mo fi réésà tuntun gé e. Ọgbọ́n kan wà níbẹ̀ tí àwọn oníbàtà mọ̀ dáadáa: ẹ má ṣe gé e já lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ kí réésà dúró sójú kan, kí ẹ máa yí fóòmù sí i lọ́wọ́, kí ó kọ́kọ́ fà á lójú, kí ẹ wá padà tẹ̀ lé ojú ìlà náà jinlẹ̀. Bí réésà bá ń rìn tí fóòmù dúró, etí rẹ̀ á dagun, ibi tó bá sì dagun ni afẹ́fẹ́ máa gbà. Mo fi sáńpépà 220 ra etí rẹ̀ díẹ̀.

Gọ́ọ̀mù oníbàtà ni mo fi lẹ̀ wọ́n. Mo kùn ún sójú méjèèjì, mo jẹ́ kó gbẹ títí kò fi mọ́wọ́ mọ́, mo wá fi àmì àárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta léra, mo sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni mo gbé e sí ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, mi ò sì fi kan gìtá títí òórùn gọ́ọ̀mù fi tán pátápátá lára rẹ̀. Mi ò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú èyí. Gìtá tí wọ́n fi fáníìṣì nitrocellulose kùn, bíi ti ọ̀pọ̀ Gibson àti Martin, kì í fẹ́ rọ́bà tàbí gọ́ọ̀mù nítòsí; bó bá pẹ́ lára rẹ̀, àmì tí kì í kúrò lè wà níbẹ̀, fáníìṣì náà sì lè rọ̀. Fáníìṣì ti ìjọ yìí jẹ́ polyurethane, ó le, ṣùgbọ́n mo ṣì lẹ aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ abẹ́ etí ìpele òkè, níbi tó ti ń fara kan gìtá.

Àlàfo tó wà láàárín ojú gìtá àti okùn níbi ihò jẹ́ nǹkan bíi 11 mìlímítà. Etí ọmọrí gba 5 nínú rẹ̀. Mo ta okùn E nípọn tagbára tagbára láti wò ó, kò kan ọmọrí. Láti fi sí i, mo kàn ṣẹ́ ẹ po díẹ̀, mo tì í gba àárín okùn kẹta àti ìkẹrin kọjá, mo tẹ́ ẹ padà lábẹ́ wọn, mo sì fi àtàǹpàkò tẹ etí rẹ̀ yíká.

Ní ìjọ

A dé ibẹ̀ ní ọjọ́ tí wọn kò ṣe ìsìn, èmi, onígìtá, àti ẹni tó ń bójú tó míkísà. Mo ní kí wọ́n gbé sípíkà mónítọ̀ sí ibi tó máa ń wà gan-an, kí onígìtá sì dúró síbi tó máa ń dúró. A kọ́kọ́ ṣe é láìsí ọmọrí. Onísáùǹdì ń gbé gèénì, ìyẹn agbára ohùn gìtá lórí míkísà, sókè díẹ̀díẹ̀, kò sì tíì débi tí akọrin fi máa gbọ́ gìtá dáadáa tí hùùù fi dé. Áàpù fi ibi tí mo ti kùn dé nínú ṣọ́ọ̀bù hàn, nǹkan bíi 101 Hz.

A fi ọmọrí sí i, a ò sì fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Gèénì kọjá ibi àkọ́kọ́ yẹn, kò hu. Ó tún kọjá, kò hu. Onísáùǹdì wojú mi. Ìgbà tó gòkè dáadáa ni híhu kan bẹ̀rẹ̀, kò sì nípọn bíi ti tẹ́lẹ̀: ó wà ní nǹkan bíi 190 Hz. Pákó ojú gìtá ti dé nìyẹn.

Fún èyí, iṣẹ́ míkísà ló kù. Ní 190 yẹn, a gé tóóró kan kúrò lára ohùn gìtá, tóóró péré, a sì yí bọ́tìnnì fáàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gìtá padà. Bọ́tìnnì yẹn ń dojú ohùn tó ń jáde kọ ẹ̀yìn. Bí ohùn sípíkà bá ń ti ojú gìtá ní àkókò tí ojú gìtá fúnra rẹ̀ ń lọ síbẹ̀, híhu á lágbára; bí ó bá ń dá a padà, híhu á rọ̀. Ibi tí èèyàn dúró sí ló ń sọ èwo ló dára, nítorí náà ẹ kàn gbìyànjú méjèèjì. Mo tún ní kí wọ́n yí mónítọ̀ díẹ̀ kí ó má dojú kọ àyà gìtá mọ́.

Onísáùǹdì bi mi ní ìbéèrè tó dára. "Bọ̀dá, ṣé a ò lè fi míkísà gé 101 yẹn náà ni, ká má wulẹ̀ dé ihò?"

A lè gé e. Ṣùgbọ́n G wà níbẹ̀, G# wà níbẹ̀, A tó jẹ́ 110 Hz wà nítòsí. Bí ẹ bá gé e débi tí kò fi ní hu mọ́, ẹ ti gé orin kúrò pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọrí ń pa afẹ́fẹ́ tó ń hu, okùn sì ń bá orin tirẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni mo ti ka ọmọrí sí ju gbogbo bọ́tìnnì lọ.

Ọmọrí olójú

Ohun kan ṣì ń dun onígìtá náà. Ó ní pẹ̀lú ọmọrí, òun kì í gbọ́ gìtá lára mọ́, pé ó dà bíi pé ó jìnnà sí òun. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo gé ọmọrí kejì ní ìwọ̀n kan náà, mo sì lu ojú kan sí i láàárín tó fẹ̀ tó 50 mìlímítà.

Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Bí ihò bá kéré sí i, ohùn afẹ́fẹ́ kì í kú, ó máa ń sọ̀kalẹ̀ ni. Lára pákó tẹ́ẹ́rẹ́, ihò tí a bá dín fífẹ̀ rẹ̀ kù sí ìdajì máa gbé ohùn náà wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọmọrí yìí sì nípọn tó 16 mìlímítà, ojú rẹ̀ di ọ̀nà gígùn díẹ̀ fún afẹ́fẹ́, nítorí náà ó tún ń sọ̀kalẹ̀ sí i. Ohùn mi ò lè kùn débẹ̀, mo gbá bíríìjì ni. Áàpù fi nǹkan bíi 64 Hz hàn.

Okùn tó nípọn jù lára gìtá jẹ́ 82.4 Hz. Ohùn afẹ́fẹ́ ti bọ́ sí abẹ́ gbogbo okùn nìyẹn, kò sí okùn kankan tó ń jí i mọ́. Bó bá sì fẹ́ hu láti ọ̀dọ̀ sípíkà, bọ́tìnnì tó ń gé ìsàlẹ̀ wà lórí ọ̀pọ̀ míkísà, ti ìjọ yìí ń gé ohun tó wà lábẹ́ 80 Hz. Ẹ tẹ̀ ẹ́, híhu á rọlẹ̀, ohun tí okùn máa pàdánù kò sì tó nǹkan. Ẹni tó bá ń tú okùn nípọn wálẹ̀ sí D, tó jẹ́ 73.4 Hz, ṣì wà lókè ohùn afẹ́fẹ́ 64 Hz yẹn. Ẹni tó bá tú u dé C, tó jẹ́ 65.4 Hz, máa bá a níbẹ̀. Kí onítọ̀hún lo èyí tó dí pátápátá.

Ọmọrí olójú kò lágbára tó èkejì. Níbi tí sípíkà bá ti pọ̀ tí ìlù sì wà lẹ́yìn, èyí tó dí ni kí wọ́n fi sí i. Fún ìpàdé àdúrà àárín ọ̀sẹ̀, tí èèyàn ò pọ̀, olójú yẹn tó. Onígìtá ta á, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti ń gbọ́ ara òun.

Nígbà ọyẹ́

Ọmọrí tó dí ní iṣẹ́ mìíràn tí kò kan ẹ̀rọ. Láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, afẹ́fẹ́ á gbẹ, pákó á sún kì. Etí fúrẹ́ẹ̀tì á máa họ èèyàn lọ́wọ́ nítorí pé pákó ọrùn ti sún wọlé, irin kì í sì í sún. Ojú gìtá á tẹ̀ sínú díẹ̀, okùn á sún mọ́ ọrùn, wọ́n á máa kan irin. Bó bá le jù, ojú gìtá á sán. Gbọ̀ngàn tí wọ́n ń tan ẹ̀rọ amúlétutù nínú rẹ̀ tún ń bá ọyẹ́ gbẹ gìtá ni.

Gìtá onípákó fẹ́ kí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ wà ní nǹkan bíi 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo ran àpò aṣọ kékeré kan mọ́ abẹ́ ọmọrí tó dí, mo ki kànìnkànìn tí mo ti rẹ sómi tí mo sì fún gbẹ sínú rẹ̀, débi pé kò lè kán rárá. Tí gìtá bá ti wà nínú àpótí rẹ̀ lálẹ́, kí ọmọrí yìí wà lójú ihò, ọ̀rinrin á máa tú jáde díẹ̀díẹ̀ sínú ikùn gìtá, níbi tí pákó kò ti ní fáníìṣì tó ń dáàbò bò ó. Ní àkókò òjò, kí wọ́n yọ àpò yẹn kúrò. Ọ̀rinrin n'Ìbàdàn nígbà yẹn ti pọ̀ ju ohun tí gìtá ń fẹ́ lọ. Pákó á wú, okùn á ga kúrò lọ́rùn. Àpò sílíkà tó ń bá bàtà tuntun wá ló yẹ nínú àpótí gìtá lásìkò yẹn.

Fún ẹni tó bá fẹ́ gé tirẹ̀: ìwọ̀n tí mo kọ sókè, ti ihò 101 mìlímítà ni. Ihò gìtá onínáílọ̀n máa ń jẹ́ nǹkan bíi 85 mìlímítà, àwọn gìtá kan sì wà tí ihò wọn kò rí roboto. Ẹ wọn tiyín lọ́nà méjì ó kéré tán, ẹ wọn nínípọn pákó ojú rẹ̀ níbi ihò, kí ẹ gé ìpele àárín ní mìlímítà kan dín sí ihò, ti ìsàlẹ̀ ní mẹ́rin lé, ti òkè ní mẹ́wàá lé. Bí píkọ́ọ̀pù bá wà lójú ihò, bíi ti àwọn onímágínẹ́ẹ̀tì tó ń kọjá láàárín rẹ̀, ẹ gé ọmọrí sí méjì kí ó lè yí i ká lápá òkè àti lápá ìsàlẹ̀. Bí máìkì kékeré bá wà nínú ikùn gìtá, ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú páálí ná: irú máìkì bẹ́ẹ̀ ń gbọ́ afẹ́fẹ́ tààrà, ohùn rẹ̀ á yí padà gan-an bí ihò bá ti dí, ó sì lè jẹ́ pé píkọ́ọ̀pù abẹ́ eegun nìkan ni kí ẹ gbé sókè nígbà tí ọmọrí bá wà lójú rẹ̀.